Microservices àti Kíkọ́ṣẹ́ Sọ́fítíwíà ní Gbangba: Kí Ló Wà Nídìí Rẹ̀?

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ méjì ló ń da àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sọ́fítíwíà láàmú. Èkíní ni microservices, tó máa ń wà nínú ìkéde iṣẹ́ bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Èkejì ni kíkọ́ṣẹ́ ní gbangba: ọ̀dọ́ kan á máa kọ ètò kọ̀ǹpútà, á sì máa kó gbogbo ohun tó ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lè kà á, láìgba kọ́bọ̀. Òbí tó ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á ní, "Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń fowó gọbọi rà lo wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ yìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ lè máà mọ ohun tí òun ń kọ́ gan-an. Ó gbọ́ pé kí òun gé ètò sí wẹ́wẹ́, ó gé e sí mẹ́jọ, nígbà tó yá, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí màá sì fi gbogbo àlàyé yìí gbè lẹ́yìn, rèé: ẹ̀kọ́ inú microservices kò sí nínú iye tí ẹ bá gé ètò sí. Ó wà nínú ohun tí ẹ ṣe nígbà tí apá kan bá pe èkejì tí kò gbọ́ èsì. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ẹlòmíràn ti sábà máa ń rí ohun tí ojú tiyín fò, òun ló sì jẹ́ kí gbangba dára fún un.

## Kí ni wọ́n ń pè ní microservices?

Ẹ wo ápù báńkì tó wà lórí fóònù yín. Ohun tí ẹ ń rí lójú fóònù kọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan wà níbòmíràn tó ń gba ìbéèrè yín, tó ń ṣírò, tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, tó sì ń fèsì. Server ni wọ́n ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tó ń tẹ̀ lé láti fèsì, èyí tí ẹnì kan ti jókòó kọ sílẹ̀, ni kóòdù. Ibi tó ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí kó má bàa gbàgbé ni dátábéèsì.

Ọ̀nà méjì gbòógì ni wọ́n ń gbà to kóòdù yìí. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo búkà. Ní búkà kékeré, ìyá kan ṣoṣo ló ń ro àmàlà, òun ló ń bu gbẹ̀gìrì àti ewédú, òun náà ló ń gbowó. Kò nílò láti pariwo pe ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, búkà ò ní ṣí. Ní búkà ńlá, ẹni tó ń ro àmàlà kì í gbowó, ẹni tó ń gbowó kì í débi ìkòkò ọbẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ nídìí àmàlà, wọ́n á fi ẹnì kan kún àwọn tó ń rò ó, láìfọwọ́ kan ìdí owó. Àmọ́ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù láàárín ẹni tó gbowó àti ẹni tó ń bu oúnjẹ, oníbàárà á ti sanwó, á sì jókòó ti àwo òfìfo.

Búkà kékeré ni monolith: ètò kan ṣoṣo tó ń ṣe ohun gbogbo. Búkà ńlá ni microservices: ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dá bẹ̀rẹ̀ kó sì dá dúró, tí wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀ka ni màá máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ìsinsìnyí lọ. Ọdún 2014 ni James Lewis àti Martin Fowler, àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà méjì, kọ àpilẹ̀kọ tó jẹ́ kí orúkọ náà tàn káàkiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ kan ti ń ṣe irú rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.

## Kí ló dé tí iléeṣẹ́ ńlá fi gé ètò wọn sí wẹ́wẹ́?

Netflix ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, ìtàn rẹ̀ sì yéni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi DVD ránṣẹ́ sílé àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, dátábéèsì wọn bàjẹ́. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn ò lè fi DVD kankan ránṣẹ́. Ibi kan ṣoṣo ló bàjẹ́, gbogbo iṣẹ́ ìfiránṣẹ́ DVD sì dúró. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kúrò lórí kọ̀ǹpútà tiwọn lọ sórí èyí tí Amazon ń fi háyà. Wọn kò kàn gbé ètò ńlá náà bó ṣe wà. Wọ́n tú u sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ka. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n tó kó tán.

Ìdí mìíràn wà tí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà rárá, ti èèyàn ni. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ bá ń tún ètò kan ṣoṣo ṣe, ẹnì kan ò lè gbé iṣẹ́ tirẹ̀ síta kó má dúró de àwọn tó kù. Bí ẹ bá gé ètò náà, àwọn márùn-ún lè ni ẹ̀ka kan, kí wọ́n tún un ṣe lónìí, kí wọ́n gbé e síta lónìí, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ apá kejì ìtàn. Lọ́dún 2023, ikọ̀ kan ní Prime Video, tó jẹ́ ti Amazon fúnra rẹ̀, ṣàlàyé pé ètò tí àwọn fi ń ṣọ́ bí fídíò ṣe ń dára sí lójú oníbàárà ti ń ná àwọn lówó jù. Wọ́n ti pín in káàkiri sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Wọ́n kó o padà sójú kan, ìnáwó rẹ̀ sì fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 dínkù. Amazon náà tó ń fi kọ̀ǹpútà háyà fáwọn tó ń gé ètò wẹ́wẹ́ ni o.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé microservices ló dára jù kò tíì sọ fún kí ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó dá nìkan jókòó sídìí laptop ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò ní ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́, kò sì ní èrò tó ń ya bo ètò rẹ̀. Kò nílò microservices láti fi ṣiṣẹ́. Ó lè fi kẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ìṣòro tí microservices ń fà kì í hàn nínú ètò kan ṣoṣo, ìṣòro wọ̀nyẹn sì ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń wá ẹni tó lè yanjú.

## Kí wá ni kíkọ́ṣẹ́ ní gbangba?

Ohun èlò méjì ni ẹ ó máa gbọ́ orúkọ wọn. Git, tí Linus Torvalds kọ ní oṣù kẹrin ọdún 2005, jẹ́ ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ṣe sí kóòdù: ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti ohun tó kọ sílẹ̀ pé òun tìtorí rẹ̀ ṣe é. GitHub, tó dáyé ní 2008, ni ibi tí àwọn èèyàn ń gbé irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Microsoft rà á ní 2018 ní 7.5 bílíọ̀nù dọ́là.

Torvalds kan náà la fi lè dá àwọn òbí lóhùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó ń kàwé ní yunifásítì ní Helsinki, ní Finland. Ó kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n jọ ń fẹ́ràn kọ̀ǹpútà pé òun ń kọ ètò kan fún ìgbádùn ara òun, ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ kó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé kóòdù rẹ̀ síta. Ètò yẹn ni Linux, òun ló sì wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ wa. Mi ò sọ pé ọmọ yín máa di Torvalds. Ohun tí mò ń sọ ni pé àṣà yìí ti dàgbà ju GitHub lọ, àti pé iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ti gbé ilé ayé ró.

Kò sì sí ẹni tó fẹ́ ra kóòdù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó níye lórí ni ẹ̀rí pé ẹni yìí lè ronú. Ìwé ẹ̀rí ń sọ pé ẹ jókòó ní kíláàsì. Ìtàn inú Git ń fi hàn pé lọ́jọ́ Tuesday ni ẹ rí àṣìṣe kan, lọ́jọ́ Wednesday ni ẹ mọ ohun tó fà á, lọ́jọ́ Thursday ni ẹ tún un ṣe, ohun tí ẹ sì kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Nítorí èyí, gbangba kì í ṣe kí ẹ máa ya fọ́tò laptop sórí X lójoojúmọ́. Ó jẹ́ kí kóòdù wà níta, kí ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àjèjì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́. Fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní README, òun ni àlejò máa kọ́kọ́ kà. Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ló wà lórí GitHub tí ẹnikẹ́ni ò lè lò nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ ò sọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

## Níbo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ohun tí ẹ mọ̀ tinú-tòde. Èmi á mú àjọ. Alájọ ń yí ọjà po lójoojúmọ́, ó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà, ó ń sàmì sí káàdì wọn. Bí oṣù bá parí, á yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, á kó ìyókù fún oníkálukú. Ètò alájọ máa nílò ohun mẹ́rin: kó forúkọ oníbàárà sílẹ̀, kó kọ owó tó wọlé, kó ṣírò ohun tó kàn oníkálukú lópin oṣù, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó dáwó pé owó rẹ̀ ti wọlé.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sójú kan ná. Bẹ́ẹ̀ ni, monolith. Martin Fowler tó jẹ́ kí orúkọ microservices tàn kálẹ̀ náà ló kọ ọ́ ní 2015 pé kí èèyàn má fi microservices bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí kò tíì mọ ètò rẹ̀ dáadáa kò lè mọ ibi tó yẹ kó gé. Ẹ gbé e sí GitHub láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà bó bá jẹ́ pé kó forúkọ oníbàárà sílẹ̀ nìkan ló tíì lè ṣe.

Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gé ẹyọ kan péré kúrò lára rẹ̀: apá tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Nítorí pé iléeṣẹ́ mìíràn ló ń bá yín fi àtẹ̀jíṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ MTN tàbí Glo, ẹ ò sì láṣẹ lórí ìgbà tí tiwọn máa dákú. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ ò bá lọ, kò yẹ kí àkọsílẹ̀ owó bàjẹ́. Ohun méjì tí ọ̀kan lè kú kí èkejì máa bá iṣẹ́ lọ, ibẹ̀ ni ojú ibi tó yẹ ká gé. Ṣùgbọ́n ẹ má ya káàdì oníbàárà sọ́tọ̀ kúrò lára owó tó dá. Ìkan ò lè dá ṣe ohunkóhun láìsí èkejì, bí ẹ bá yà wọ́n, ẹ ó kàn máa fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì so ohun tí kò yẹ kó já pọ̀ ni.

Ẹ ó wá ní ètò méjì lórí laptop kan náà: ẹ̀ka owó, níbi tí gbogbo ìyókù wà, àti ẹ̀ka àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀kan á máa gbọ́ ìpè ní ojúlé 8080, èkejì ní 8081. Ojúlé yìí, tí wọ́n ń pè ní port, ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ìpè ń gbà wọlé sínú ètò. Wọ́n á máa pe ara wọn bí ẹni pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Èyí kò jẹ dátà kankan. Git pàápàá ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè tọ́jú àyípadà ogún sórí laptop yín, kí ẹ tó wá ra dátà táṣẹ́rẹ́ láti kó gbogbo rẹ̀ lọ sí GitHub lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ohun ńlá nìyẹn.

Ẹ ó máa gbọ́ Docker àti Kubernetes. Docker, tó jáde ní 2013, ń di ètò pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tó nílò, kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ẹ kọ́ ọ, ó wúlò fún àjèjì tó fẹ́ dán iṣẹ́ yín wò. Kubernetes, tí Google gbé síta ní 2014, wà fún àwọn tó ń darí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

## Bí ẹ̀ka kan bá pe èkejì tí kò gbọ́ èsì ńkọ́?

Ibi tí mò ń bọ̀ látàárọ̀ nìyí. Ẹ̀yin náà ti rí i rí: ẹ fowó ránṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti kúrò nínú àkáǹtì yín, kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà, ẹ̀yin méjèèjì dúró, ẹ ń wo ara yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó náírà wọ́n bí ojú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò kàn. Iṣẹ́ tí ẹ rán kúrò ní báńkì yín, ó gba ọ̀dọ̀ NIBSS tó ń so àwọn báńkì pọ̀, ó forí lé báńkì kejì. Ètò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ti dákẹ́.

Nígbà tí ẹ̀ka kan bá pe èkejì tí kò gbọ́ nǹkan kan, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìpè náà ò dé rárá. Ó lè jẹ́ pé ó dé, àmọ́ ẹ̀ka kejì kú kó tó ṣe iṣẹ́ náà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà tán pátápátá, èsì nìkan ló sọnù lójú ọ̀nà. Lójú ẹni tó pè, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí bó ṣe lè mọ̀yàtọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó dáadáa, nítorí pé àárín gbùngbùn iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nínú monolith, irú èyí kò wọ́pọ̀, nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní àwọn ọdún 1990, L Peter Deutsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà Sun Microsystems to àwọn èrò tó ń tan àwọn tó ń kọ irú ètò yìí jẹ lẹ́sẹẹsẹ. Èkíní nínú wọn ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣeé gbára lé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, iṣẹ́ àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ètò tó bá gbà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já, ìlú tó ti ń já ló yẹ kí wọ́n gbé e wá.

Kí wá ni ṣíṣe? Àkọ́kọ́, ẹ fi gbèdéke sí ìdúró. Bí ẹ̀ka àtẹ̀jíṣẹ́ ò bá fèsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ̀ka owó má dúró mọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ṣì kù, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, kó tún un pè. Àmọ́ kó má pè é léraléra bí ẹni ń lu ilẹ̀kùn: kó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti dìde, bí gbogbo èèyàn bá ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, á tún ṣubú.

Nọ́ńbà tó wà lórí èsì náà máa ń sọ nǹkan. 200 túmọ̀ sí pé ó ti ṣeé ṣe. 404 túmọ̀ sí pé ohun tí ẹ béèrè kò sí níbẹ̀, bí ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní sí níbẹ̀. 503 túmọ̀ sí pé ẹ̀ka náà ò lè dáhùn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ lè padà wá.

Ibi tó léwu rèé. Ká ní ìyálọ́jà kan dá ₦500. Fóònù alájọ pe ẹ̀ka owó, ẹ̀ka owó kọ ₦500 sílẹ̀, èsì sọnù. Fóònù rò pé kò lọ, ó tún un pè. Ẹ̀ka owó kọ ₦500 mìíràn. Ìyálọ́jà dá ₦500, ₦1,000 ló wà nínú ìwé, lópin oṣù, alájọ á san owó tí kò gbà. Bí ọ̀pọ̀ gbèsè ojú ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìsí olè kankan.

Ojútùú rẹ̀ kò le. Kí fóònù tó pè rárá, kó fún ìsanwó náà ní nọ́ńbà kan tí kò sí irú rẹ̀ mọ́. Bó bá tún un pè, nọ́ńbà yẹn náà ni kó mú wá. Bí ẹ̀ka owó bá ti rí nọ́ńbà náà rí, kò ní kọ owó mìíràn sílẹ̀. Paystack, iléeṣẹ́ ìsanwó tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí Stripe, iléeṣẹ́ ìsanwó kan ní Amẹ́ríkà, rà ní 2020 ní ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là, ń lo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan, reference ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fi ọ̀kan náà bẹ̀rẹ̀ ìsanwó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á dá a padà. Stripe náà ní tirẹ̀, tó jẹ́ pé èsì àkọ́kọ́ gan-an ló máa tún fún yín.

Ẹ ó kọ èyí, ẹ ó dán an wò, á ṣiṣẹ́, inú yín á dùn. Bó bá wà ní gbangba, àjèjì kan lè kà á kó béèrè pé: bí ìpè méjèèjì bá dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ńkọ́? Àwọn méjèèjì á wo dátábéèsì, àwọn méjèèjì á rí i pé nọ́ńbà náà ò tíì sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì á sì kọ owó sílẹ̀. Nítorí náà, kí kóòdù yẹ̀ ẹ́ wò nìkan kò tó. Dátábéèsì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní òfin pé òun ò ní gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo bí irú èyí níye lórí ju oṣù kan tí ẹ dá kọ́ṣẹ́ nínú yàrá lọ. Òun ni mo fi fẹ́ràn gbangba.

Ẹ má dúró títí tí nǹkan máa fi bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ pa ẹ̀ka àtẹ̀jíṣẹ́ lójijì nígbà tí owó ń wọlé, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní gbangba. Netflix ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara wọn. Wọ́n kọ ètò kan, Chaos Monkey, tó ń pa server wọn láìròtẹ́lẹ̀ ní àkókò iṣẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà nídìí iṣẹ́. Ní 2012, wọ́n gbé kóòdù rẹ̀ síta fún ayé.

## Kí ni kò gbọdọ̀ dé gbangba?

Kọ́kọ́rọ́. Ètò yín máa ní pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì, á sì ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí iléeṣẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ fún yín. Ẹni tó bá rí wọn lè ná owó yín. Àwọn ètò kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí GitHub tọ̀sán-tòru.

Àwọn àgbà náà ti ṣe é. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Toyota kéde pé apá kan kóòdù T-Connect, ètò wọn tó ń so ọkọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà ní gbangba lórí GitHub láti oṣù kejìlá ọdún 2017, kọ́kọ́rọ́ kan sì wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà 296,019 ló ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti rí. Ti Uber ní 2016 tún burú jù: ibi ìkọ̀kọ̀ ni kóòdù tiwọn wà lórí GitHub, àwọn ọ̀daràn sì wọlé síbẹ̀, wọ́n rí kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì fi í kó ìsọfúnni 57 mílíọ̀nù èèyàn.

Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ àṣírí sínú fáìlì ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .gitignore kí Git má bàa gbé e. Bó bá ti bọ́ síta, pípa á rẹ́ kò tó, nítorí Git ń rántí ohun tó ti kọjá. Ẹ lọ bá iléeṣẹ́ tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ fagi lé e, kí ẹ gba òmíràn. Èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Nọ́ńbà fóònù ìyá yín àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lo orúkọ àti nọ́ńbà àròsọ láti fi dán ètò wò. Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú láti oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin náà kò sì sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe bó ṣe wù ú.

## Bí ẹnì kan bá kó iṣẹ́ yín lọ ńkọ́?

Bí ẹ ò bá fi ìwé àṣẹ kankan sí kóòdù yín, àwọn èèyàn lè wò ó lórí GitHub, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ṣì ni ín, wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti mú un lò nínú iṣẹ́ tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n lò ó, ìwé àṣẹ MIT ló rọrùn jù: kí wọ́n lò ó bó ṣe wù wọ́n, kí orúkọ yín ṣáà máa wà níbẹ̀. Fún ètò tí ẹ fi ń kọ́ṣẹ́, èmi á yan MIT.

## Kóòdù ta ni kí ẹ kà?

Kíka kóòdù ẹlòmíràn wà lára kíkọ́ṣẹ́ ní gbangba, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í ṣe é. Google gbé àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀bù kan sórí GitHub tó ń jẹ́ Online Boutique. Ẹ̀ka mọ́kànlá ni, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ wọ́n sì yàtọ̀ síra: Go, Java, Python, C# àti JavaScript. Ẹ má gbìyànjú láti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ wá fólídà checkoutservice, kí ẹ ṣí fáìlì main.go, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PlaceOrder sí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnnì ìrajà ló wà níbẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ: ó ṣírò iye ọjà, ó yọ owó lórí káàdì, ó ní kí wọ́n kó ẹrù ránṣẹ́, ó kó apẹ̀rẹ̀ ọjà dànù, ó fi ímeèlì ránṣẹ́.

Ẹ wo ibi ímeèlì. Bí kò bá lọ, ètò náà kàn kọ ìkìlọ̀ sílẹ̀ ni, ọjà ṣì ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà. Ohun kan náà tí a ṣe sí àtẹ̀jíṣẹ́ alájọ nìyẹn. Ẹ wá padà sí òkè díẹ̀, síbi tó ti yọ owó tán tó wá pe ẹ̀ka ìfiránṣẹ́. Bí ẹ̀ka ìfiránṣẹ́ ò bá dáhùn, ètò náà á sọ fún oníbàárà pé àṣìṣe wà, á sì dúró síbẹ̀. Owó ti kúrò lórí káàdì. Ẹ wá a nínú fáìlì náà bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti dá a padà, kí ẹ sì kọ bí ẹ̀yin ì bá ṣe tún un ṣe sínú README tiyín.